Baba Àlàyé àti Ilẹ̀ Tó Ń Sinmi

Títí dòní, ọjọ́ tí Baba Àlàyé lé ìdajì àwọn àgbẹ̀ jáde nínú ìpàdé ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ló ní kó máa wá la ọ̀rọ̀ iṣẹ́ oko yé àwọn, torí ẹnu rẹ̀ dùn. Lọ́jọ́ náà, ẹnì kan bi í pé kí ni wọ́n ń pè ní dídín irúgbìn kù. Ó wo bí wọ́n ṣe fún pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nàka.

"Ìwọ, bọ́ síta. Ìwọ náà. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

Nígbà tó lé wọn tán, àwọn tó kù na ẹsẹ̀.

"Ṣé ẹ rí i báyìí? Bí ẹ bá fa díẹ̀ tu nínú ohun tó hù, èyí tó kù á ráyè jẹun."

Ó yé wọn yékéyéké. Àfi pé onílé tí wọ́n ti ń ṣèpàdé wà nínú àwọn tó fà tu, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó kù títí oòrùn fi rọ̀.

Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ, máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín sí i, àmọ́ ẹ̀rín náà kì í dénú. Òun ló mọ̀ pé tí òun bá ń roko, abẹ́ igi ni ọkọ òun máa ń dúró sí, tí á máa sọ fún òun pé èpò ni ohunkóhun tó bá hù síbi tí a kò fẹ́ ẹ.

"Ẹ̀yin náà ti ń di èpò o," ni obìnrin náà wí lọ́jọ́ kan. "Ibi tí ẹ dúró sí yẹn, mi ò fẹ́ yín níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ìsinmi ló ba nǹkan jẹ́ fún tọkọtaya náà. Baba Àlàyé fẹ́ kí àwọn àgbẹ̀ fojú rí i, ló bá ní oko tí bàbá òun fi sílẹ̀ fún òun ti ṣá, kí ẹnikẹ́ni má dá a, kí ọ̀rá rẹ̀ lè padà. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n ṣáà dá apá kan.

"Ṣé ìwọ máa ń fi ojú kan sùn, kí o la ìkejì sílẹ̀ ni?"

Àbúrò Baba Àlàyé ọkùnrin wà nípàdé tó ti sọ ọ́, ó sì gbọ́ àlàyé náà dáadáa. Ó lọ bá àwọn ẹbí pé ẹ̀gbọ́n òun ti pa ilẹ̀ tì. Kí òjò ọdún kejì tó dá, ó ti kọ́lé síbẹ̀.

"Àbúrò mi, ilẹ̀ yìí ń sinmi ni."

"Mo mọ̀, bọ̀dá mi. Ilé ni mo fi bò ó, kí ẹnikẹ́ni má bàa jí i."

Àwọn ẹbí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọn ò gba ilẹ̀ náà padà fún un.

Nígbà tí ìtọ̀ ṣúgà mú Baba Àlàyé, tí dókítà ní àfi kí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sunkún. Ọkọ ló ń là á yé e.

"Bí wọ́n ṣe ń rẹ́ ẹ̀ka ni. Èyí tó ń rà ni wọ́n máa gé, kí ìyókù lè yè."

Ọkùnrin orí bẹ́ẹ̀dì kejì, tó ti ń kọ̀ láti ọjọ́ yìí, gbọ́, ó sì gbà kí wọ́n gé tirẹ̀. Ọkùnrin náà padà sílé. Baba Àlàyé kò padà.

Àbúrò rẹ̀ ló sunkún jù níbi ìsìnkú.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ni opó náà ń gbin àgbàdo díẹ̀ sí báyìí. Inú ṣì ń bí i sí ọkọ rẹ̀, ó sì máa ń bá a jà nínú ọkàn rẹ̀ tó bá ń bomi rin ín, nítorí àwọn ọmọ wọn tí kò ní ilẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń fi koríko gbígbẹ bo ìdí àgbàdo, ló bá dúró, bí ẹni tó ń retí nǹkan. Ó mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é. Ó ti gbọ́ ọ títí ó fi sú u. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́.

Ó jókòó sílẹ̀, ó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Kí oòrùn má bàa fa omi rẹ̀ lọ ni." Ó tún un sọ, ó fà á gùn bí ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń fà á, kò sì fo ibì kankan.