Torleiv àti Ìbọ̀wọ́ Tuntun

Bí ẹ bá fẹ́ kí ọbẹ̀ yín jóná, ẹ béèrè lọ́wọ́ Torleiv irú ìbọ̀wọ́ tó yẹ kéèyàn wọ̀ mòòkùn nínú òkun wa. Á gbé ife kọfí sílẹ̀, á na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá síwájú bí ẹni tó fẹ́ súre fún tọkọtaya, kọfí á sì ti di omi dídì kó tó dákẹ́. Ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé mọ́tò sọdá sí erékùṣù wa, nílẹ̀ Nọ́wè níbí, ló ti ń ṣiṣẹ́ látìgbà èwe. Òun ló ń júwọ́ sáwọn awakọ̀ pé kí wọ́n sún síwájú, kí wọ́n dúró. Àfàìmọ̀ kó máà jẹ́ ibẹ̀ ló ti gbà pé gbogbo ayé ló ń retí kí òun júwe ọ̀nà fún wọn. Ẹ wọ ahéré ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ wò, ìbọ̀wọ́ rọ́bà ló so rọ̀ bí pánla tí wọ́n sá.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí Gudlaug ìyàwó rẹ̀ pé ọgọ́ta ọdún, Torleiv dìde láàárín ìbátan. Ó ní ìṣáwùrù òkun, èyí tí ìkarahun rẹ̀ dà bí abẹ̀bẹ̀, ni àlejò máa jẹ, ọwọ́ òun gan-an ni yóò sì ṣà á nísàlẹ̀ omi. Kí ẹnikẹ́ni má ra nǹkan kan.

Ló bá wọkọ̀ lọ sí ìlú Trondheim láti ra bàtà rọ́bà tí wọ́n fi ń mòòkùn àti ìbọ̀wọ́ tuntun. Ọlọ́jà gbé bàtà tó fẹ̀ dáadáa jáde, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ tó nípọn.

"Ti arúgbó nìyẹn," Torleiv wí. "Bàtà tó bá mú ẹsẹ̀ ni bàtà. Ìbọ̀wọ́ ńkọ́? Fún mi ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ìka mi lè mọ̀ bí ìṣáwùrù bá ń rẹ́rìn-ín."

Nígbà tó délé, Gudlaug mú ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun wá. Wọ́n tì í, wọ́n fà á, ẹsẹ̀ tó wọ ìbọ̀sẹ̀ kọ̀, kò wọ bàtà.

"Torleiv, bàtà yìí kéré. Mi ìka ẹsẹ̀ rẹ ká wò ó."

"Ìka ẹsẹ̀ mi kì í ṣe oníjó."

"Òtútù á pa wọ́n."

"Rọ́bà máa ń nà, Gudlaug."

"Ikùn rẹ náà ń nà. Ṣé o ṣì ń wọ ṣòkòtò ìgbéyàwó wa ni?"

Ìbọ̀sẹ̀ tín-ín-rín ló wọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ àsè, òun àti Oddmund, àbúrò Gudlaug, tu ọkọ̀ lọ. Yìnyín bo etí ọkọ̀. Ìbọ̀wọ́ Oddmund nípọn, oníka mẹ́ta, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ níbi púpọ̀. Ó dà bí ọwọ́ akàn. Oddmund ṣí fúláàsì, ó da omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú ìbọ̀wọ́ náà kó tó wọ̀ ọ́.

"Tíì lo fẹ́ sè fún ọwọ́ rẹ ni?" Torleiv bi í.

"Kó má baà sunkún ni. Gbà, ó kù díẹ̀."

"Èmi? Inú òkun ni bàbá mi apẹja máa ń ri ìbọ̀wọ́ bọ̀ kó tó wọ̀ ọ́!"

"Irun àgùntàn ni ti bàbá rẹ, àna mi. Ìyẹn rin tán, ó tún ń móoru. Àgùntàn wo ló bí rọ́bà?"

Torleiv nawọ́ kọjá etí ọkọ̀. Ó ri ìbọ̀wọ́ tuntun bọnú òkun bí àwọn baba ti ń ṣe, ó wọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi tó ń ro tótó, ó sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ń yà ní fọ́tò.

Wọ́n mòòkùn. Ìṣáwùrù pọ̀ lórí iyanrìn. Torleiv ń ṣà á, ó ń kó o sínú àpò àwọ̀n. Kò pẹ́ tí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ fi dágbére. Ó ń tàpá, kò mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ ṣì ń bá òun bọ̀. Ìka ọwọ́ tẹ̀ lé e. Nígbà tí àpò fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, tó yẹ kó fi ìkọ́ dè é lẹ́nu, ìka kọ̀ jálẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbìyànjú, àpò dojú dé. Ẹ kúkú mọ ìṣáwùrù wa: bó bá fẹ́ sá, ṣe ló máa ń pa ìkarahun méjèèjì pọ̀ léraléra láti fi lúwẹ̀ẹ́. Gbogbo wọn ń pàtẹ́wọ́ lọ. Látìgbà tí Torleiv ti ń kọ́ ayé ní ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ́, àwọn nìkan ló tíì pàtẹ́wọ́ fún un.

Oddmund ló fà á gòkè. Àpò tirẹ̀ kún dẹ́nu.

"Fọkàn balẹ̀. A ó sọ pé ìwọ lo ṣa ìdajì," ó wí. Eyín Torleiv ń gbá ara wọn.

Nínú yàrá nílé, Torleiv kò lè dé bọ́tìnì ẹ̀wù àsè rẹ̀. Gudlaug ló ń bá a dé e.

"Ṣé o rí i ṣà?"

"Oddmund ló ṣa gbogbo rẹ̀. Tèmi sá lọ."

"Ìṣáwùrù? Ó sá fún ọ?"

"Ó sá."

Gudlaug rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí ibùsùn. Lẹ́yìn náà ó fa ọwọ́ Torleiv tó tutù nini sábẹ́ apá ara rẹ̀, ó fún un mọ́ra.

Nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ dé, tó ń ta sánsán bọ́tà, ẹ̀gbọ́n ìyá Gudlaug kígbe láti ìdí tábìlì pé, "Torleiv, ọwọ́ rẹ mà dùn o!"

Oddmund tẹjú mọ́ àwo.

"Ọwọ́ Oddmund ni," Torleiv wí, ojú rẹ̀ pọ́n. "Tèmi dòfo."

Ó nawọ́ sí fọ́ọ̀kì, ó já bọ́. Ó he é, ó tún já bọ́. Ọlọ́jọ́ ìbí bá fi àwo tirẹ̀ sílẹ̀, ó gé ìṣáwùrù kan sí wẹ́wẹ́, ó sì nà án sí i lẹ́nu níwájú gbogbo ìbátan.

"Yanu," ó wí.

Torleiv yanu.