Bí Àárò Ṣe Ń Dínkù

Àǹtí Ó-Ṣeé-Ṣe ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é lẹ́yìn rẹ̀. Ìmọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ló ń kọ́ wọn ní yunifásítì, kò sì sí ìbéèrè tí wọ́n bi í tí kì í fi "ó ṣeé ṣe" dáhùn. Àárò ẹni tó ti kú ló ti ń ṣèwádìí lé lórí láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ti kọ ọ́ sínú ìwé pé àárò a máa dínkù díẹ̀díẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bá a jiyàn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ṣú, tí ilé dákẹ́ bí ẹni ń tòògbé, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ń fi kíkọ ètò kọ̀ǹpútà jẹun, jókòó tì í kí wọ́n jọ sọ àbá náà di ìṣirò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, díẹ̀díẹ̀ wo? Kọ̀ǹpútà ò mọ díẹ̀díẹ̀ o. Ṣé bí omi tó ń jò ni, àbí bí ìgbà téèyàn ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn?"

"Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bí omi," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáhùn.

Wọ́n mú ti omi. Ìlà kan yọ lójú kọ̀ǹpútà, ó ń rọra wálẹ̀, ó ń wálẹ̀, títí ó fi sùn sílẹ̀ gbalaja. Ẹ̀gbọ́n tẹjú mọ́ ọn bí ẹni ń wo odò.

"Ti Bàbá ò rí báyìí," ló wí.

Láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú, bàbá wọn, télọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, lè máa rẹ́rìn-ín fún oṣù kan gbáko. Àfi kí òórùn ọṣẹ tí ìyá wọn máa ń fi wẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé, àárò rẹ̀ á sì tún sọ ọ́ bí ẹni pé àná ló kú.

Wọ́n bá tún àbá náà gbé kalẹ̀: àárò fúnra rẹ̀ kì í dínkù, agbára àwọn ohun tó ń jí i, bí òórùn tàbí aṣọ, ló ń dínkù, nígbàkígbà tí wọ́n bá pe olóògbé tí kò sì yọjú. Ìlà náà wá ń wálẹ̀, ó tún ń fò sókè. Ìṣirò náà sì sọ ohun tí wọn ò rò tẹ́lẹ̀: ẹni tó bá kó ẹrù olóògbé pamọ́, ńṣe ni àárò rẹ̀ kàn sùn, kò dínkù.

"Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́?" ni àbúrò rẹ̀ bi í.

"A jẹ́ pé mo ṣì í nìyẹn. Ṣebí a ó kúkú mọ̀." Inú ẹ̀gbọ́n ń dùn ṣìnkìn pé àbá òun ti di ohun tí èèyàn lè dán wò.

Ó wádìí lọ́wọ́ àwọn tí ọkọ tàbí aya wọn ti kú. Ti ọ̀pọ̀ wọn bá ìṣirò mu; ti àwọn tó tọ́jú aláìsàn pẹ́ kó tó kú kò bá a mu rárá. Ó kọ ìyẹn náà síta gbangba.

Lẹ́yìn náà ló lọ sílé bàbá wọn.

"Bàbá mi, ṣé kí n kó ẹrù Màámi jáde?"

Bàbá gbójú sókè. "Ta ló ní kẹ́ ẹ kó o pamọ́ tẹ́lẹ̀?"

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ kó ẹrù náà jáde, Bàbá gba ìborùn ìyàwó rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí orúnkún, ó sunkún díẹ̀. Nígbà tó yá, ó sùn lọ lórí àga, kọ́tìnnì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lókè orí rẹ̀.