Ẹsẹ̀ Méjì Tí Mo Ṣe fún Modu

Ọjọ́ tí Modu kọ́kọ́ wọ yàrá iṣẹ́ wa ni ara mi ti kọ̀ ọ́. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó kó igi méjì tí ó fi ń ti abíyá rìn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò lè ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Mo kí i, "Sannu." Ó dáhùn, ṣùgbọ́n ògiri ló ń wò. Mo mọ̀ pé àwọn ọkùnrin kan wà tí kì í wo obìnrin lójú, mo ti pẹ́ ní Maiduguri. Síbẹ̀, ti eléyìí kò jọ ìtìjú lójú mi. Ó jọ ti ẹni tí kò fẹ́ kí á dá òun mọ̀.

Ẹsẹ̀ ni mo ń ṣe. Ẹni tí a bá gé lẹ́sẹ̀ nílé ìwòsàn, tí ojú egbò rẹ̀ sì ti jinná, ọ̀dọ̀ wa ni yóò wá. Ọkọ mi ló gbé mi dé ìlú yìí nígbà tí wọ́n gbà á sí yunifásítì láti kọ́ni. Ìkìrun ni wọ́n bí wa sí, Ìbàdàn ni mo ti kọ́ díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà. Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n, àfi ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Baba Yohanna.

Ọmọ òkè Gwoza ni Baba Yohanna, Kristẹni bíi tèmi, òun sì ni ọ̀gá yàrá iṣẹ́ wa. Kì í pariwo. Lọ́sẹ̀ kìn-ín-ní mi, mo so àtẹ́lẹsẹ̀ òsì mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún fún Alhaji kan, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó ti ń ta abọ́ lọ́jà láti ìgbà èwe rẹ̀. Alhaji dìde, ó wo ilẹ̀, ó ní, "Ìyá Tolú, ẹsẹ̀ yìí, ṣé ó ń bọ̀ ni àbí ó ń lọ?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Baba Yohanna nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó tú àtẹ́lẹsẹ̀ náà, ó gbé e fún mi, ó ní, "Èyí tí ojú lè rí kò ṣòro. Ọjọ́ kan náà la máa ń tún un ṣe. Ẹ̀rù èyí tí ojú kò lè rí ni kí ó máa bà ọ́."

Ohun tí ó ń sọ kò yé mi nígbà náà. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń sọ, ago tí kùkùté ẹsẹ̀ máa ń wọ̀ sínú rẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. A ó fi báńdéèjì tí ó ní píopí, sìmẹ́ǹtì funfun tí wọ́n fi ń di egungun, wé kùkùté náà. Bí ó bá le, a ó bọ́ ọ, a ó da píopí mìíràn sínú rẹ̀, yóò wá di ère kùkùté náà gan-an. Orí ère yẹn ni iṣẹ́ wà. Ibi tí ẹran pọ̀ sí, tí ó lè gbé ìwúwo ara, a ó fi fáìlì, irin tí a fi ń họ nǹkan, họ ọ́ wọlé. Ibi tí egungun ti yọ, tí ó jẹ́ pé awọ nìkan ló bò ó, a ó bu píopí lé e kí ó ga díẹ̀. Bí a bá wá na pílásítíìkì gbígbóná bo ère náà, ibi tí a bu nǹkan lé yóò di àyè fún egungun. Bí kò bá sí àyè yẹn, sọ́kẹ́ẹ̀tì á máa họ èèyàn níṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kò sì sí ẹni tí ó lè mọ̀ láti òde. Ẹsẹ̀ náà á máa dán, á rí rèǹtè.

Mo ti ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún mẹ́tàdínlógún nígbà tí Modu dé.

"Kí ló ṣe ọ́ lẹ́sẹ̀?" mo bi í bí mo ti ń wé báńdéèjì náà.

"Nakiya ni," ó ní. Bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ nìyẹn. "Mo lọ ṣẹ́ igi ìdáná."

Àpá kan wà lókè orúnkún rẹ̀, ó ṣe roboto, ó sì jìn. Mo ti rí irú rẹ̀ lára àwọn sójà. "Èyí ńkọ́?"

"Ó ti pẹ́."

Nígbà tí ó padà wá fún ìwọ̀n, mo tún bi í ohun tí ó ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ẹni tí ó ti gbàgbé. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ní ọkọ̀ ló dojú dé lọ́nà Dikwa. Mo gbé orí sókè wò ó, ó sì yára wo ògiri. Ó ní àgbẹ̀ ni òun, mo wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó rọ̀ ju ti ọkọ mi lọ, bẹ́ẹ̀ ìwé ni ọkọ mi ń kà. Káàdì tí wọ́n fún un ní ibùdó àwọn tí ogun lé kúrò nílé jẹ́ tuntun, kò tíì ká létí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í so gbogbo rẹ̀ pọ̀ lọ́kàn mi: ó lè jẹ́ pé ara àwọn tí ń yin bọ́ǹbù nínú ìlú ni. Obìnrin kan wà tí a jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Wulari. Ó lọ ra ẹja lọ́jà, bọ́ǹbù dún níbẹ̀, èmi ni mo ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó lo ẹsẹ̀ náà fún oṣù mẹ́rin péré kí ó tó kú. Òun ni mo ń rí ní gbogbo ìgbà tí mo bá di kùkùté Modu mú.

Lọ́jọ́ Àìkú tí ó tẹ̀ lé e, èmi ló kàn láti kọ́ kíláàsì àwọn obìnrin. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà dá lórí fífẹ́ràn Ọlọ́run. Màmá kan béèrè pé báwo ni èèyàn ṣe lè mọ̀ dájú pé òun fẹ́ràn Ọlọ́run. Mo dá a lóhùn dáadáa. Mo ní bí a bá ń kọrin tí omi ń bọ́ lójú wa, bí àdúrà kò bá sú wa, bí a kò bá sá kúrò nínú ìgbàgbọ́ ní ìlú tí ó ti rí ohun tí Maiduguri ti rí, a fẹ́ràn Ọlọ́run nìyẹn. Wọ́n ṣe àmín. Inú mi dùn sí ara mi délé.

Lọ́jọ́ Ajé, mo họ ère Modu. Mo họ ibi tí ó yẹ kí n họ. Nígbà tí mo dé orí egungun tínínrín tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúgun, ibi tí ọmọ iṣẹ́ tí ó wá lánàá pàápàá mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ bu píopí lé, mo dúró. Abọ́ píopí wà lọ́wọ́ mi. Mo gbé e sílẹ̀, mo sì na pílásítíìkì bò ó bẹ́ẹ̀. Fún ọjọ́ mélòó kan, mo ń sọ fún ara mi pé mo gbàgbé ni. N kò gbàgbé.

Modu wọ ẹsẹ̀ náà, ó rìn láàárín irin méjì tí a fi ń kọ́ wọn, ó fún ẹnu pọ̀. Mo bi í bóyá ó ń dùn ún. Ó ní rárá. Ó lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó fi igi méjèèjì ti abíyá padà wá, ó gbé ẹsẹ̀ náà kọ́ apá. Baba Yohanna ló bọ́ ìbọ̀sẹ̀ kùkùté rẹ̀. Egbò wà níbẹ̀, ó tóbi tó ojú ago tíì.

Baba ti ìka bọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà, ó fi wá inú rẹ̀ títí. Ó wò mí.

"Maman Tolú, ta ló ṣe ère eléyìí?"

"Èmi ni."

Kò bú mi. Ó fọ egbò náà, ó dì í, ó ní kí Modu jókòó. Ó wá sọ fún mi pé kí á jáde lọ síbi igi dógóńyárò. Ibẹ̀ ni mo ti tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: àpá ìbọn, ìtàn méjì, àtẹ́lẹwọ́, káàdì.

"Mo ti rí i kí o tó rí i," ó ní. "Mo gbọ́ bí ó ṣe ń pe orúkọ àwọn abúlé kan. Kì í ṣe bí àgbẹ̀ ṣe ń pè wọ́n."

"Kí ló dé tí ẹ fi dákẹ́ nígbà náà? Baba, bí mo bá fún un ní ẹsẹ̀ tó dára, níbo ló máa fi rìn lọ?"

"N kò mọ̀." Ó tún un sọ. "N kò mọ̀, Maman Tolú. Bí ìfura bá ń dà ọ́ láàmú, ọ́fíìsì àwọn ẹ̀ṣọ́ wà lẹ́nu géètì. Lọ sọ ohun tí o rí fún wọn. Iṣẹ́ wọn nìyẹn, n kò ní dá ọ lẹ́bi. Ṣùgbọ́n má fi sọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe ìdájọ́."

Mo mọ̀ pé wọ́n pa àbúrò rẹ̀ ọkùnrin lórí òkè nílé wọn. Mo mọ̀ pé kò rí òkú rẹ̀ sin. Mo wá bi í, ohùn mi sì le ju bí ó ṣe yẹ kí n bá a sọ̀rọ̀ lọ: "Ṣé ẹ fẹ́ràn ọkùnrin yìí ni?"

"Rárá. Mo ti gbìyànjú, kò ṣeé ṣe." Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Ọlọ́run ni mo fẹ́ràn. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún un láti kékeré. Ó wá dàbí ẹni pé Ọlọ́run dá mi lóhùn pé ó dára, kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi egungun ọkùnrin yìí. Orin kò ná mi ní nǹkan kan rí. Èyí ni nǹkan àkọ́kọ́ tí ó béèrè tí ó dùn mí láti fún un."

Ìdáhùn tí mo fún màmá yẹn ní kíláàsì ló ń pa dà sí mi létí, ó ń dún bí agolo òfìfo.

Mo lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́. Ọ̀gá wọn gba orúkọ náà, ó pe àwọn kan lórí fóònù, ó ní wọ́n ti yẹ ọkùnrin náà wò ní ibùdó, ìwé rẹ̀ pé. Mo dúpẹ́. Bí mo ti ń padà, mo ń sọ fún ara mi pé ìwé lè purọ́. Kò sí ohun tí ó kúrò lọ́kàn mi.

Modu ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì. Mo fa àpótí kan, mo jókòó níwájú rẹ̀.

"Ẹ̀bi mi ni egbò yìí," mo ní. "Kì í ṣe àṣìṣe. Mo mọ ohun tí ó yẹ kí n ṣe, n kò ṣe é."

"Na sani," ó ní. Ó ti mọ̀. "Nígbà tí mo ń rìn láàárín irin, ẹ̀yin kò wo ẹsẹ̀ mi. Ojú mi lẹ ń wò."

"Ṣé o wà lára wọn?"

Ó wò mí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, ó sì pè mí ní dókítà. "Likita, bí mo bá ní rárá, ṣé ẹ máa gbà mí gbọ́?"

Mo fẹ́ purọ́. "Rárá," mo ní.

"Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni ńkọ́, ṣé ẹ máa ṣe ẹsẹ̀ náà?"

Mo gbọ́ tí Baba Yohanna ń gé nǹkan lẹ́yìn wa, mo gbọ́ tí ó dá ayùn dúró. Mo mú báńdéèjì, mo rì í sínú omi. "Na ẹsẹ̀ rẹ," mo ní.

A fi ti ọjọ́ náà ṣe ìwọ̀n àkọ́kọ́, a wá dúró kí egbò náà jinná kí n tó wọ̀n ọ́n kẹ́yìn. Mo ṣe ère tuntun. Nígbà tí mo dé orí egungun tínínrín náà, mo bu píopí lé e, mo fi ìka tẹ́ ẹ, mo bu sí i. Mo rò pé ìfẹ́ yóò wọlé sí mi lọ́kàn bí mo bá ṣe é dáadáa. Kò wọlé. Mo gbàdúrà lórí ère náà, àdúrà náà kò sì ju pé, "Olúwa, tìrẹ ni mo ń ṣe." Mo ti kọrin fún Ọlọ́run ní gbogbo ayé mi, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá bi mí pé ọjọ́ wo ni mo mọ̀ pé mo fẹ́ràn rẹ̀, ọjọ́ yẹn ni n ó mú, ọjọ́ tí kò sí orin lẹ́nu mi, tí inú mi kò sì dùn.

Kí ló mú wá fún mi? Kò fún mi ní ìdánilójú pé mo ṣe ohun tí ó tọ́ fún ìlú. Kò mú kí n gba Modu gbọ́. Ohun tí mo lè sọ ni pé ìgbà tí mo bá wo ọwọ́ mi báyìí, n kò ní láti yí ojú kúrò.

Baba Yohanna ti fẹ̀yìn tì. Ilé tí ó kọ́ sí Fori ló wà, ó ń gbin ẹ̀fọ́. Èmi ni mo ń ṣe ọ̀gá yàrá náà, mo sì máa ń ti ìka bọ inú gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì kí ó tó kúrò lọ́wọ́ wa. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rò pé n kò fọkàn tán wọn. Òótọ́ ni, n kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni, pàápàá ara mi.

Lóṣù tí ó kọjá, mo lọ rán aṣọ ní Gwange. Ọkùnrin kan ń ti kẹ̀kẹ́ omi bọ̀ láàárín àwọn ilé alámọ̀, jẹ́rìkáànù kún inú rẹ̀ dé ẹnu. Ìrìn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ mọ̀ kí n tó mọ ojú rẹ̀. Mo wo ìgbésẹ̀ rẹ̀: kò tiro, kò sì gbé ìbàdí sókè bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Ojú mi tún lọ sí abẹ́ kafutáànì rẹ̀, mo ń wò ó bóyá ó so bọ́ǹbù mọ́ra. Kò sí nǹkan níbẹ̀. Ojú ti mí, síbẹ̀ mo tún wò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Ó rí mi, ó dá kẹ̀kẹ́ dúró. "Likita, sannu."

"Sannu, Modu. Ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ń gbé mi. Bẹ́líìtì rẹ̀ ni ó ti ń já."

"Wá lọ́jọ́ Ajé, a máa pààrọ̀ rẹ̀."

Ó nu òógùn ojú rẹ̀, ó wò mí dáadáa, bí mo ṣe máa ń wò ó.

"Ṣé ẹ̀yin náà lẹ máa ṣe é?"

"Èmi ni."

Ó ronú díẹ̀, ó ní òun á wá. Ó sì ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.