Orúrù Ẹ̀yìnkùlé Ògiri-Ò-Lanu

Àbúrò mi ni, iṣẹ́ bíríkìlà ló ń ṣe. Ògiri-Ò-Lanu ni wọ́n ń pè é, torí pé ògiri tó bá mọ kì í sán. Alángbá ò ríbi wọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé kan ló ti rí igi orúrù náà. Kò ga ju ọ̀pá ìtìlẹ̀ lọ nígbà náà. Àwọn lébìrà fẹ́ fi ṣọ́bìrì gé e, ó ní kí wọ́n dúró. Ó wa á tòun ti ilẹ̀ ìdí rẹ̀, ó gbé e sínú garawa, ó gbé e wálé fún ìyàwó rẹ̀. Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà lẹ́bàá fèrèsé tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé, ògiri lásán ló sì ń rí láti ibẹ̀.

"Wọ́n ní ó máa ń yọ òdòdó pupa," àbúrò mi ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Ìgbà wo?"

"Tó bá dàgbà."

"Èmi náà ń dàgbà o."

Ó gbìn ín. Ó ri igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi àjákù aṣọ so ó mọ́ ọn kí afẹ́fẹ́ má baà dá a. Okùn a máa bó igi lára, aṣọ kì í bó o. Ìyàwó ló ń bomi rin ín. Lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, ewé gbígbẹ ni wọ́n fi ń bo ìdí rẹ̀. Igi náà ga ju òrùlé lọ.

Lọ́dún tó kọ́kọ́ rudi, òjò pọ̀. Ìyàwó sáré jáde lọ ká aṣọ, ó yọ̀ nínú ẹrẹ̀ ìdí igi náà, eegun ìbàdí rẹ̀ sì kán. Kó tó dé láti ọsíbítù, àbúrò mi ti da kọnkéré sí gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Ó dà á dé ìdí igi gan-an, kò ṣẹ́ ibì kankan kù. Ó fi ìgbálẹ̀ fa ojú rẹ̀ kó má baà yọ̀. Mo lọ wò ó. Mo ní ó dára. Ó dára lóòótọ́.

Nígbà tó yá, ewé igi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Ìrudi ń já bọ́ sórí kọnkéré, omi inú wọn ń tú jáde. Àbúrò mi rò pé kòkòrò ni, ó da omi ọṣẹ sí i lára. Kò ṣiṣẹ́. Onígbàjámọ̀ tó ń gbé lódìkejì ògiri yọjú.

"Ọ̀gá, ẹ kúkú fi kọnkéré rẹ́ igi náà fúnra ẹ̀ tán, kó lè bá ilẹ̀ mu!"

Ìyàwó ò rẹ́rìn-ín.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ ti dí i nímú."

"Ta ni?"

"Igi. Omi ò dé ìdí ẹ̀ mọ́. Tí wọ́n bá da kọnkéré yí ẹ̀yin náà lọ́rùn ká, ṣé ẹ máa mí?"

"Tí mo bá fọ́ ọ, ẹrẹ̀ á padà. Tó o bá tún ṣubú ńkọ́?"

"Láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni mo ń jókòó sídìí fèrèsé yìí. Ìbàdí mi ló kán, ojú mi ò fọ́."

Àbúrò mi wá sílé mi. Ó ní òun ò tíì fọ́ iṣẹ́ ara òun rí. Mo ní mo mọ̀. Ó ní kì í ṣe ìyẹn ló ń ba òun lẹ́rù. Mo ní mo mọ ìyẹn náà. Ó dìde, ó lọ.

Lọ́jọ́ kejì ó gbé òòlù ńlá. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ le fún òun fúnra rẹ̀ láti fọ́.

"Ògiri-Ò-Lanu!" Onígbàjámọ̀ ti tún dé. "Ẹ̀yin lẹ tún wá ń la ẹnu ẹ̀!"

"Wá bá mi kó àfọ́kù, kó o yéé pariwo."

Ó fọ́ ọ dé ibi tí òjìji ẹ̀ka dé. Ó rú ilẹ̀ náà, ó kó ewé gbígbẹ lé e. Etí ògiri nìkan ló fi kọnkéré sílẹ̀ sí, ó sì kan páìpù irin mọ́ ara ògiri kí ìyàwó rẹ̀ lè máa rí nǹkan dì mú.

Gbogbo ìrudi tó kù ló já bọ́ lọ́dún yẹn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ewé tutù yọ̀yọ̀, ṣùgbọ́n ìhà fèrèsé ò yọ òdòdó kankan. Onígbàjámọ̀ ló kígbe lódìkejì pé òdòdó pupa ti bo òrùlé òun.

Mo wà níbẹ̀. Ìyàwó gbé ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀, ó kọrí síta.

"Dúró," àbúrò mi wí. "Màá gé ẹ̀ka kan wá fún ẹ."

"Ẹ ò ní gé nǹkan kan."

Ó di páìpù mú títí páìpù fi tán. Ilẹ̀ rírọ̀ ló kù, òjò sì ti rọ̀ sí i. Àbúrò mi gbé èjìká fún un. Wọ́n rìn ín díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ wọn ń rì. Nígbà tí wọ́n dé abẹ́ ẹ̀ka tó nà sódìkejì ògiri, ìyàwó gbójú sókè.

"Ó pupa tó báyìí?"

"Mo ṣáà sọ fún ẹ pé—"

"Ẹ má dá mi lóhùn. Ẹ dì mí mú dáadáa."