Obìnrin Chibcha Ibi Iṣẹ́ Wa

Èmi àti obìnrin kan láti Kòlóńbíà la jọ ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Lithonia, ní Amẹ́ríkà níbí. Ó ní ọmọ Chibcha ni òun, ìran tó ni orí òkè tí ìlú Bogotá wà kí àwọn ará Sípéènì tó dé. Wọ́n ń rọ wúrà, wọ́n ń se iyọ̀ tà. Ọba Sípéènì fòfin de èdè wọn, èdè náà sì kú. Ìwé tí àwọn àlùfáà òyìnbó fi kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ láyé ìgbà náà ni obìnrin yìí fi ń kọ́ ọ lórí fóònù, nínú mọ́tò rẹ̀, tí a bá lọ break. Àwọn tó bá ọba pa èdè náà ni olùkọ́ rẹ̀ lónìí. Inú bí mi nígbà tí mo gbọ́.

Ó ní ohun tó kù lẹ́nu àwọn kò ju orúkọ ìlú àti nǹkan díẹ̀ lọ: changua, ọbẹ̀ mílíìkì àti ẹyin tí wọ́n ń mu láàárọ̀, cuba, tí wọ́n ń pe àbíkẹ́yìn. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò dákẹ́. Mo ní tiwa kò lè kú láéláé, ṣebí gbogbo Sunday la ń fi í kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó bi mí bóyá ọmọ mi ń sọ ọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ ni mo pa.

Ọmọ ọdún márùn-ún ni ọmọ mi nígbà tí tíṣà rẹ̀ ní Grayson kọ̀wé pé kí á gbé e sí kíláàsì àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ojú tì wá. Lọ́jọ́ náà gan-an ni èmi àti bàbá rẹ̀ ṣòfin pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan la ó máa bá a sọ. Kò sí ọba kankan tó rán wa níṣẹ́. Tí bàbá rẹ̀ bá gbàgbé, tó ní kó wá jẹun, mo máa ń fi ojú bá a wí.

Lọ́dún yìí, màmá mi wá kí wa láti Ìbàdàn. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ẹnu ara àwọn súre fún ọmọ yìí kí àwọn tó kú. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń padà, wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí. Wọ́n ń kì í, ohùn wọn ń lọ sókè, omi ń bọ́ lójú wọn. Ọmọ náà fà sẹ́yìn. Ó wojú mi, ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí pé kí ni òun ṣe tí Grandma fi ń bá òun jà.

Èmi àti bàbá rẹ̀ kì í sọ Yorùbá níwájú rẹ̀ àfi tí a bá ń jà.

Màmá mi yíjú sí mi. "Kí ló wí?"

"Ó ṣe àmín, mà."