Ìkarahun Inú Òkúta Ìpìlẹ̀ Bàbá Mi

N kò tọrọ àforíjì nígbà náà, n kò sì ní tọrọ rẹ̀ nísinsìnyí tí orí mi ti funfun. Mo tètè sọ èyí kí ẹni tó ń kà á má baà máa retí ibi tí n ó ti kúnlẹ̀. Kò sí ibẹ̀.

Òkè-Àfà ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, lórí ilẹ̀ tí bàbá mi rà nígbà tí owó epo gba ìgboro. Àsìkò yẹn, gbogbo ẹni tó bá ti lè rí simẹ́ǹtì rà ló ń kọ́lé. Ojú ọ̀nà láti Ìsọlọ̀ lọ síbẹ̀ kún fún yanrìn àti òkúta, eruku sì ń bá wa jẹun. Bàbá mi ní òkúta Èkó kò dá òun lójú. Ó bẹ awakọ̀ tíípà kan pé kó bá òun kó òkúta ẹfun wá láti ọ̀nà ìlú wa ní ìpínlẹ̀ Ògùn, nítorí ilé tí òun bá kọ́ sí àjò gbọ́dọ̀ dúró lórí ilẹ̀ ìlú òun. Bíríkìlà ní òkúta yẹn rọ̀ jù. Bàbá mi ní kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí àwọn ará ilé wa ṣe rí nìyẹn: wọ́n á gbé Èkó títí wọn ó fi hu ewú, wọn ò ní yé pè é ní àjò.

Mo gbé oúnjẹ lọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ní Sátidé kan, mo sì rí ọ̀kan nínú àwọn òkúta náà tó ti là sí méjì. Ìkarahun wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe pé ó lẹ̀ mọ́ ọn lára. Inú òkúta gan-an ló wà, gbogbo ìlà ẹ̀yìn rẹ̀ pé, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ti di òkúta. Ìkarahun ẹran inú òkun ni. Ìlú wa kò sì sí létí òkun. Ọ̀pọ̀ àgbà ibẹ̀ ni kò fojú rí òkun títí wọ́n fi kú. Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, mo ń yí i lọ́wọ́, inú mi ń dùn débi pé mo gbàgbé oúnjẹ àwọn oníṣẹ́ sínú oòrùn.

Tíṣà báọ́lọ́jì ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níléèwé girama kan ní Ìsọlọ̀. Nígbà tó di Mọ́ńdè, mo gbé òkúta náà lọ sí kíláàsì, mo ní kí àwọn ọmọ fọwọ́ kàn án. Mo ṣàlàyé bí omi ṣe bo ilẹ̀ ibẹ̀ láyé ọjọ́un, bí ẹrẹ̀ ṣe bo ohun tó kú, tí ẹrẹ̀ náà sì di òkúta. Ìròyìn egungun tí wọ́n wú ní Ethiopia ṣì ń jà ràn-ìn nígbà náà, egungun ẹ̀dá kan tó ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn ṣùgbọ́n tí agbárí rẹ̀ kéré. Ọmọ kan béèrè bóyá ènìyàn ni. Mo ní kò tíì di ènìyàn tán. Mo ní àwa àti àwọn ọ̀bọ ní baba ńlá kan náà láyé àtijọ́ tó jìnnà gan-an, ẹ̀ka kan di ọ̀bọ, ẹ̀ka kan di àwa. Ohun tí mo sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó dé ìdajì, ohun tó dé ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ṣógúnlé ni pé ọmọ akọ̀wé ìjọ ní ọ̀bọ ló bí Ádámù.

Bàbá mi ni akọ̀wé ìjọ yẹn. Òun ló ń ka gbogbo ìkéde lọ́jọ́ Ìsinmi, títí kan ìkéde ìgbéyàwó, èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ kà lọ́sẹ̀ mẹ́ta kí ọkọ àti ìyàwó tó lè dé iwájú pẹpẹ. Ó ti ka ti èmi àti àfẹ́sọ́nà mi lẹ́ẹ̀mejì. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń ka orúkọ ọmọ ọlọ́mọ, tí mo sì ń retí ọjọ́ tèmi. Àfẹ́sọ́nà mi ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, pé a lè ṣe é ní kọ́ọ̀tù. Èmi ò fẹ́ kọ́ọ̀tù. Ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún èmi àti èkejì mi tí a jọ jẹ́ ìbejì lọ́jọ́ kan náà, àgbàlá rẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí nígbà tí ibà mú un lọ ní kékeré. Ẹnu bàbá mi ni mo fẹ́ kó parí rẹ̀.

Àlùfáà pè wá sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ní Fráídè, èmi, bàbá mi, àti ìyá mi tó ti ọjà Aswani dé pẹ̀lú ìdì aṣọ tí kò tà. Àlùfáà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó rọra sọ ọ́. Ó ní kí n dìde níwájú ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi, kí n sọ pé mo ṣi àwọn ọmọ lọ́nà. Bí mi ò bá sọ ọ́, kò ní sí ìkéde kẹta.

“Sister, ṣé o gbà pé Ọlọ́run ló dá wa?”

“Mo gbà bẹ́ẹ̀, sà.”

“Good. Kí ló wá kan ọ̀bọ níbẹ̀?”

“Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé erùpẹ̀ ló fi dá wa, sà. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bínú sí erùpẹ̀.”

Ìyá mi fi etí ìborùn bo ẹnu. Mo mọ̀ pé ẹ̀rín ni. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín.

“Erùpẹ̀ kì í ṣe ẹranko,” àlùfáà ní. “Ìwọ fẹ́ sọ wá di ẹran igbó.”

Inú bí mi wàyí. Mo ní, “Ìbejì ni mí, sà. A kì í jẹ ẹran ẹdun nílé wa. Ẹ bi ìyá mi, kò fi kan ẹnu láti ọjọ́ tó ti bí wa. Ẹ̀yin náà bí ìbejì. Tí wọ́n bá ń sunkún, kí lẹ fi ń kì wọ́n?”

 Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nínú yàrá yẹn: Ẹdúnjọbí ni, ọ̀rọ̀ tó mú ìbejì àti ẹdun orí igi ní ìbátan. Ohun tí bàbá mi fi ń jí mi láràárọ̀ nìyẹn, kódà lẹ́yìn tí mo ti di tíṣà, títí di ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, kò fi kì mí. Mo sọ fún wọn pé mo mọ̀ pé oríkì kì í ṣe báọ́lọ́jì. Mi ò fi jẹ́rìí ohunkóhun. Ohun tí mò ń bi wọ́n ni pé, àwọn ìyá wa bá ẹranko tan, ojú ò tì wọ́n. Ta ló wá kọ́ wa ní ìtìjú yìí?

“Èmi mọ ẹni tó kọ́ mi,” bàbá mi ní. Ó dìde, ó jáde.

Mo bá a ní Òkè-Àfà lọ́jọ́ kejì, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì òkúta rẹ̀. Kò wojú mi nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó ní níbi iṣẹ́ tí òun kọ́kọ́ ṣe ní Èkó, níbi tí wọ́n ti ń la pákó, ọ̀gá òyìnbó kan wà tí kò pe orúkọ òun rí.

“‘Monkey, come.’ ‘Monkey, carry am.’ Níwájú àwọn ọmọ tí mo jù lọ. Mo gbé e mì, mo ń fi owó rẹ̀ rán ọ lọ síléèwé. Ìwọ náà wá dé, o ní òótọ́ lọkùnrin yẹn ń sọ.”

Ó dùn mí dé egungun. Mi ò gbọ́ ìtàn yẹn rí. Síbẹ̀ mi ò yí ọ̀rọ̀ mi padà, nítorí mo rí i pé ibi tó ti ń dun bàbá mi gan-an ni mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ sí.

“Irọ́ ló pa, Bàbá. Ó yọ ara rẹ̀ kúrò níbẹ̀, ó fi ẹ̀yin nìkan síbẹ̀. Baba ńlá tí mò ń wí yìí, tòun náà ni. Ilẹ̀ adúláwọ̀ níbí ni wọ́n sì ti wú egungun àwọn ẹni àtijọ́ yẹn. Ilé wa làwọn baba rẹ̀ ti jáde lọ kí òun tó padà wá máa bú yín nínú ilé yín.”

Ó gbójú sókè. “Òun náà?”

“Òun náà, Bàbá, àti ìyá tó bí i.”

Ó sọ pé kí n má bú ìyá oníyàá. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́, mo sì yọ òkúta ìkarahun náà nínú báàgì mi, mo gbé e lé e lọ́wọ́. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ lé ìlà ẹ̀yìn ìkarahun náà. Ó ní òun ò gba ti ọ̀bọ yẹn gbọ́ o. Mo ní kó má gbà á. Ó tún béèrè pé, “Ṣùgbọ́n ọkùnrin yẹn wà níbẹ̀?” Mo ní ó wà níbẹ̀. Bíríkìlà wá gba òkúta náà láti jù ú sínú kòtò ìpìlẹ̀. Bàbá mi ní kó fi í sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, àlùfáà dúró, ó wojú mi. Gbogbo ìjọ yíjú sí mi. Mo jókòó ṣinṣin, mi ò dìde. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó ní kí akọ̀wé ka ìkéde.

Bàbá mi ka ti ìkórè. Ó ka ti ìpàdé àwọn ìyá àti ti ẹni tó ń ṣàìsàn. Orúkọ mi ò sí nínú ìwé náà, wọ́n ti yọ ọ́. Ó ká ìwé náà, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì pe orúkọ mi àti ti ọkọ mi láìwo ibì kankan. Ó ní ìkéde kẹta nìyí. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá mọ ìdí tí wọn kò fi gbọdọ̀ so wá pọ̀, kó sọ ọ́. Ó wá kọjú sí àlùfáà, ó dúró.  Mo gbọ́ tí ọmọ kan ń fi bàtà ha ilẹ̀. Àlùfáà wo ọwọ́ ara rẹ̀.

“Kò sí,” bàbá mi ní, ó sì lọ jókòó.

A rìn lọ sílé, ìyá mi wà lẹ́yìn wa. Nígbà tó ku díẹ̀ ká dé, bàbá mi ní, “Wọ́n á gba iṣẹ́ akọ̀wé lọ́wọ́ mi.” Òótọ́ ni, kí oṣù yẹn tó parí wọ́n gbà á.

“Mo mọ̀, Bàbá.”

“Kí wọ́n gbà á. Mo ti ka èyí tí mo fẹ́ kà.”

Ó ṣílẹ̀kùn, ó yà fún mi.

“Ẹdúnjọbí,” ó ní, “wọlé, ká jẹun.”