Áàpù Tí Kò Gbọ́ "Ẹ Jọ̀ọ́"

Ọdún tí dókítà ní kí màmá mi má dúró nídìí ìsọ̀ mọ́ ni mo di ẹni tó ń wá áàpù kiri Ìkẹjà bí ẹni ń wá ọkọ. Orúnkún wọn ló fa gbogbo rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni wọ́n ti ń ta ẹran ní odò ẹran Oko Ọba, lórí ìdúró, láti àárọ̀ kùtù títí oòrùn yóò fi mú. Àbúrò mi ọkùnrin ló ń gé ẹran, màmá mi ló ń tà á. Dókítà ní bí wọ́n bá tún ń fi ẹsẹ̀ yẹn dúró bẹ́ẹ̀, kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi máa fi igi rìn.

Màmá mi kò bẹ̀rù igi. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni pé àwọn oníbàárà yóò gbàgbé wọn. Wọ́n sọ ọ́ fún mi gbangba nínú pálọ̀ ilé wa ní Agége, ẹsẹ̀ wọn wà lórí àpótí.

"Ojú lọ̀rọ̀ wà," wọ́n ní. "Ẹni tí wọn ò bá rí mọ́, wọn ò ní pẹ́ gbàgbé ẹ̀. Tí n bá ti jókòó sílé, ọjà mi ti tú nìyẹn."

Ẹ̀rù ba èmi náà. Mo mọ màmá mi tó ń tajà. Èyí tí kò tajà, n kò mọ̀ ọ́n rí, n kò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Èmi ni àkọ́bí, mo sì ní ìwà kan: bí ọ̀rọ̀ bá ti ń dùn mí, mo gbọ́dọ̀ ra nǹkan. Mo ti ṣiṣẹ́ ní báǹkì rí, mo ti rí bí àwọn èèyàn ṣe ń fi áàpù ṣe gbogbo nǹkan láìfojú kan ara wọn. Mo bá pinnu pé màmá mi yóò ní áàpù tiwọn. Àwọn oníbàárà yóò máa tibẹ̀ ra ẹran, ọlọ́kadà yóò máa gbé e lọ bá wọn, màmá mi yóò sì jókòó sílé bí olorì. Mo kọ́kọ́ lọ sí Computer Village, níbi tí ẹni tó ń ta ṣájà pàápàá ti sọ fún mi pé òun lè kọ áàpù kí n tó mu omi tán. Mo dúpẹ́, mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀.

Òpèbí ni mo ti wá rí ọmọbìnrin kan tó ń kọ áàpù fún àwọn oníṣòwò. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè ilé oúnjẹ kan, òórùn adìyẹ díndín ló máa ń kọ́kọ́ kí àlejò káàbọ̀. Ó fi sùúrù ṣàlàyé fún mi pé ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Ó lè kọ áàpù méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan fún àwọn tó ń lo áífóònù, ọ̀kan fún àwọn tó ń lo Áńdíróòdù. Ìyẹn yóò yá, yóò sì dán, ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjì ni, bí a bá sì fẹ́ yí nǹkan padà lọ́la, ibi méjì la ó ti yí i. Ó tún lè kọ ẹyọ kan tí yóò ṣiṣẹ́ lórí fóònù méjèèjì. Tàbí kó má kọ ohun tí ẹnikẹ́ni yóò dáńlóòdù rárá, kó ṣe ojú ìwé kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí yóò máa ṣe bí áàpù. A ó kàn fi líǹkì ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà, wọn yóò tẹ̀ ẹ́, ó parí.

"Àkọ́kọ́ yẹn ni mo fẹ́," mo ní, kó tó panu dé.

"Àǹtí, ẹ ò tíì sọ irú àwọn tó ń ra ẹran lọ́wọ́ yín fún mi."

"Àwọn èèyàn gidi ni wọ́n."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun fẹ́ fojú rí fóònù àwọn èèyàn gidi náà. Inú bí mi díẹ̀. Lọ́kàn mi, mo ti ń rí àmì áàpù wa, orí màlúù aláwọ̀ wúrà, lórí fóònù gbogbo Ìkẹjà. Ta ló ń fi líǹkì lásán ṣe fáàrí?

Ní Sátidé kan, a jọ lọ sí ìsọ̀. Màmá mi ní àwọn yóò bá wa lọ, pé àwọn fẹ́ lọ dágbére. Wọ́n jókòó lórí àga ike, àwa méjèèjì sì ń bẹ àwọn oníbàárà pé kí wọ́n jẹ́ ká wo fóònù wọn. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n pariwo olè lé wa lórí. Ìyá kan tó ń dáná fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ti fóònù tirẹ̀ bọ inú ìkọ́mú, ó ní báyìí ni gbájúẹ̀ ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Màmá mi ló fi í lọ́kàn balẹ̀. Nígbà tí fóònù jáde tán, Áńdíróòdù ni gbogbo wọn àfi ẹyọ kan, gbogbo wọn ló sì kún dẹ́nu: àwòrán ọmọ-ọmọ, wàásù, fídíò ìkómọjáde, àdúà àárọ̀ Jímọ̀ tí ẹni mẹ́wàá fi ránṣẹ́.

"Ṣé ẹ lè dáńlóòdù áàpù kan síbí, mà?" ọmọbìnrin náà bi ìyá tó ń dáná.

"Síbo? Sípéèsì ò sí. Ṣé kí n wá yọ àwòrán ọmọ-ọmọ mi kúrò nítorí ṣàkì?"

Ọ̀rọ̀ tán. Líǹkì la máa lò. Mo fajú ro bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, títí ọkọ mi fi ní kí n lọ ra orí màlúù gidi kí n gbé e kọ́ sí pálọ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ náà parí, mo gbà pé ó dára ju bí mo ṣe rò lọ. Àwòrán ẹ̀dọ̀, ṣàkì, ìrù àti ẹsẹ̀ wà níbẹ̀, iye kálukú wà lábẹ́ rẹ̀. Èmi ni mo kọ iye wọ̀nyẹn. Mo fẹ́ kó rọ àwọn oníbàárà lọ́rùn, mo bá fi iye tí màmá mi máa ń gbà gbẹ̀yìn síbẹ̀, ìyẹn lẹ́yìn tí oníbàárà bá ti ná ọjà débi tí kò ti lè lọ mọ́. Mo ní kí la tún ń yí i ká sí, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. A fi líǹkì ránṣẹ́ lórí Wásáàpù.

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ọmọbìnrin náà ń rí i láti Òpèbí pé wọ́n ń wọlé, wọ́n ń wo ẹ̀dọ̀, wọ́n ń wo ìrù, wọ́n ń jáde. Kò sẹ́ni tó ra nǹkan kan. Ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Màmá mi jókòó, wọ́n kọjú sí tẹlifíṣọ̀n tí a kò tàn. Àánú wọn ṣe mí débi pé mo lọ ń fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí ara mi kò gbà á mọ́, mo pe ìyá tó ń dáná fún ilé-ìwé, mo bi í pé kí ló dé tí kò rajà.

"Ẹran yín ti wọ́n jù!"

"Ẹ̀yin mà, iye tí ẹ máa ń san náà mà nìyẹn."

"Iye tí mo máa ń san lẹ́yìn tí mo bá ná an tán! Tó bá jẹ́ ibí yìí lẹ ti bẹ̀rẹ̀, èló wá ni láàsì ẹ̀? Mo sọ fún áàpù yín pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é fún mi. Kò dá mi lóhùn. Áàpù tí ò gbọ́ ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìyẹn náà ń tajà ni?"

Mo ti gbé ohùn fóònù sí gbangba, màmá mi sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n wọ́n jìgìjìgì, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

"Ìwọ ọmọ yìí! O fi láàsì ṣe àkọ́pè? Ẹlẹ́ran wo lo rí tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí? Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ò ì tí ì kúrò lọ́jà tán, wo bí orí ṣe wọ́!"

Báǹkì ló kọ́ mi. Ní báǹkì, kò sẹ́ni tó máa ń dúnàádúrà lórí owó tí wọ́n bá yọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo pe ọmọbìnrin náà. Lẹ́yìn tí òun náà rẹ́rìn-ín tirẹ̀ tán, ó ní kò le. Ó gbé iye náà sókè díẹ̀, ó fi bọ́tìnì kan sábẹ́ ẹran kọ̀ọ̀kan, ó kọ "Ẹ ná an" sára rẹ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ yóò sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ yóò bọ́ sórí fóònù màmá mi, àwọn náà yóò sì fi ohùn dáhùn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn lórí líǹkì àtijọ́ náà. A kò ní kí ẹnikẹ́ni tún dáńlóòdù nǹkan kan. Ibẹ̀ ni mo ti panu mọ́ lórí ọ̀rọ̀ áàpù méjì. Ká ní èyí tí mo fẹ́ la ṣe ni, ibi méjì la ò bá ti máa tún un ṣe, ká sì tún máa bẹ ìyá oníyàá nítorí àwòrán ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, fóònù màmá mi kò sinmi. Ẹni àkọ́kọ́ ní kí wọ́n fojú àánú wo òun lórí ẹ̀dọ̀, pé ìdajì iye yẹn lòun máa san. Màmá mi gbé fóònù súnmọ́ ẹnu bí ẹni fẹ́ jẹ ẹ́.

"Ojú àánú ni mo fi pe iye yẹn o! Ṣùgbọ́n torí pé ìwọ ni, fi nǹkan lé e."

Wọ́n ná an lọ, wọ́n ná an bọ̀, wọ́n sì dúró síbi iye tí mo ti kọ́kọ́ kọ síbẹ̀ gan-an. Inú àwọn méjèèjì dùn. Mo káwọ́ lérí.

Lẹ́yìn náà ni ohùn ìyá arúgbó kan wọlé. Ó ti ń ra ẹran lọ́wọ́ màmá mi kí wọ́n tó bí mi. Ó ti lọ sí ìsọ̀, kò bá wọn níbẹ̀, àbúrò mi ló bá a tẹ líǹkì lórí fóònù ara rẹ̀. Ohùn náà ń gbọ̀n.

"Àlàájà, wọ́n ní kí n bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, pé wàá gbọ́. Mi ò ra ẹran kankan o. Mo débẹ̀, mi ò rí ẹ, àyà mi já. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò kúkú kì í sọ òótọ́ fún arúgbó. Ṣé lóòótọ́ lo wà láyé?"

Màmá mi gbọ́ ọ tán, wọ́n tún un gbọ́. Wọ́n fi etí ìborùn nu ojú. Mo ti fẹ́ sọ̀rọ̀ ìtùnú, wọ́n na ọwọ́ sí mi pé kí n dákẹ́. Wọ́n tẹ bọ́tìnì, wọ́n sì fi gbogbo agbára ohùn tí wọ́n fi ń tajà ní Oko Ọba láti ọjọ́ yìí kígbe sínú fóònù:

"Mo wà láyé, mà! Mo wà láyé, mo ń tajà! Kí lẹ fẹ́ rà?"